Orúkọ Tí Ìyá Pè Létí Àbàtà

Ọjọ́ tí àwọn sójà dé, epo là ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà nínú kòtò, mò ń fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kàn jókòó ni, nígbà tí ìbọn dún láti ọ̀nà Oko-Àkàrẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé bí ìbọn ọdẹ ló rí. Ìbọn ọdẹ a dún, a sì dákẹ́. Eléyìí kò dákẹ́.

Òyìnbó Faransé ló ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun tirẹ̀ lókè òkun, àwa ará Ọ̀họ̀rí sì ní àwọn ọmọ wa kò lọ. Bàbá wa ló ní ọ̀pẹ jù lẹ́yìn ìlú Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Ó kó ewúrẹ́ àti epo lọ bá àwọn sójà pé kí wọ́n fi Àkàndé, ẹ̀gbọ́n mi, sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gba ewúrẹ́, wọ́n gba epo, wọ́n sì de Bàbá lọ́wọ́ mú lọ. A kò rí i mọ́.

Ìyá kó àwa méjèèjì wọ àbàtà. Ilẹ̀ dúdú ni, koríko rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Málọmọ́ àti Dúrósinmí sí, àwọn ọmọ tí Ìyá bí ṣáájú wa tí wọn kò dúró. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítòsí ibi tí a sin ín sí. Wọ́n ní yóò dáhùn, yóò sì wá mú ẹni tó pè é lọ.

Ebi pa wá. A jẹ gbòǹgbò koríko, a mu omi ẹrẹ̀. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Àkàndé, Ìyá ní òun ń lọ wa ẹ̀gẹ́ lóko.

"Ẹ má fọhùn," ó ní. "Bó ti wù kó rí, ẹ má fọhùn."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a gbọ́ ohùn sójà létí àbàtà. Ìyá wà láàárín wọn. Mo rí gèlè rẹ̀. Ògbufọ̀ wọn ní:

"Pe àwọn ọmọ rẹ jáde. A ó fún wọn lóúnjẹ."

Ìyá kọ̀. Wọ́n lù ú.

"Mo ní kí o pè wọ́n!"

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí."

Ó wá gbé ohùn sókè: "Málọmọ́ o! Dúrósinmí o! Ẹ máa bọ̀ o, èmi ìyá yín ni!"

Àkàndé ti ń dìde. Orúkọ yẹn ló dá a dúró. Ẹ̀rù Ìyá bà mí ju ti ìbọn lọ. Ohùn tó fi ń pè wá wá jẹun ló fi pè wọ́n.

Nǹkan kan sì dáhùn. Láti òdìkejì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ohùn kékeré kan ní, "Ìyá o!" Títí Àkàndé fi kú, ó ní ẹyẹ ni. Kó máa wí. Èmi mọ ohùn ẹyẹ.

Àwọn sójà sáré gba ibẹ̀, wọ́n ń yìnbọn sínú koríko, ẹrẹ̀ sì mu wọ́n dé ìbàdí. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n padà, wọ́n mú Ìyá lọ. Kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá kò dún. Nígbà tí a jáde, wọ́n ti sun ilé, kò sì sẹ́ni tó lè fi ibojì Ìyá hàn wá títí dòní.

Àkàndé di olówó. Ó ṣòwò epo, ó kọ́ ilé onípáànù sí Pọ́bẹ̀. Èmi fẹ́ àgbẹ̀, ilé koríko ni mo ti tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá pe ọmọ rẹ̀ níta, olówó náà á gbé abọ́ kalẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́. Èmi náà ńkọ́? Mo fẹ́ràn Ìyá, inú sì ń bí mi sí i pé ó lọ.

Nílé tirẹ̀ àti nílé tèmi, a kì í pe ọmọ láti òkèèrè. Ẹni tó bá ń wá ọmọ á dìde, á rìn lọ bá a, á sì fọwọ́ kàn án léjìká.