Àwọn Ọjọ́ Tí Mọ́tò Bàbá Dúró ní Manigri

Òórùn ẹyin ọ̀bu ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé adìẹ ìyá mi kan ló pa ẹyin rẹ̀ tì lẹ́yìn ilé, àfi ìgbà tí mo jáde, tí mo rí i pé ìdí mọ́tò bàbá mi ni òórùn náà ti ń wá. Bàbá ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mọ́tò ń kérora, kò lè gun òkè kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá mi ń gbé ní Manigri, èkejì ń gbé ní Bassila, ibẹ̀ sì ni mọ́tò náà, katikati, ìyẹn jíìpù aláwọ̀ eérú tó gba gbogbo ẹbí, máa ń sùn jù. Bàbá kì í sábà sùn ju ọjọ́ kan lọ lọ́dọ̀ wa. Ràkíyà, ọmọ ìyàwó kejì, ló ń bá mọ́tò yẹn lọ sí iléèwé. Ẹsẹ̀ ni èmi fi ń rìn, erùpẹ̀ ọyẹ́ á sì bò mí dé orúnkún. Mo ń jowú rẹ̀ débi pé mi ò kì í fẹnu kan búrẹ́dì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa.

Atọ́kọ̀ṣe tó wà ní òdìkejì títì wá yẹ mọ́tò wò. Ó ní katalisọ́ọ̀ ló dí, ìyẹn àpótí irin tó ń sẹ́ èéfín kó tó jáde.

"Alàájì, ẹ jẹ́ kí n kó inú ẹ̀ dànù, kí èéfín ríbi gbà. Gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bassila lẹ ó ti jẹun ọ̀sán."

Bàbá ní rárá, tuntun lòun fẹ́, kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé e wá láti Kútọnu.

Bàbá wá ń jí ní ilé wa lójoojúmọ́. Ó bá wa jẹ iṣu sísun, ó bá wa ṣa kaṣú lóko. Mo gbà pé nítorí wa ló ṣe kọ̀ láti lọ. Bí bọ́ọ̀sì kan bá fọn fèrè lójú títì, àyà mi á já. Mo ń gbàdúrà kí katalisọ́ọ̀ náà sọnù lọ́nà.

"Má tẹ̀lé bàbá ẹ kiri bí ọmọ ewúrẹ́," ni ìyá mi wí. "Ó ṣì wà níbí."

Katalisọ́ọ̀ tuntun náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Atọ́kọ̀ṣe gbé mọ́tò sókè, ó tú èyí tó dí, ó de tuntun mọ́ páìpù, ó sì tan ẹ́ńjìnnì láti wò bóyá èéfín ń jò. Bó ṣe ń nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Alàájì, irin lásán lẹ ń kẹ́ bí ìyàwó báyìí?"

"Ràkíyà ni mò ń kẹ́," ni bàbá dáhùn. "Ó ní ikọ́ fée. Bí èéfín bá wọ̀ ọ́ nímú, àyà rẹ̀ á máa súfèé títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Èmi tí mo ti rò pé tiwa ni àwọn ọjọ́ yẹn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo fi ọwọ́ di àyà mú bí mo ṣe rò pé Ràkíyà máa ń ṣe.

"Yéè, èyí náà fẹ́ katalisọ́ọ̀ o!" ni atọ́kọ̀ṣe pariwo. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé mi láyà, ó pẹ́ díẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbé etí náà kúrò láéláé.

"Àyà rẹ mọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó wọ mọ́tò, ó sì lọ.

Èmi náà ti di òbí báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí ju bó ṣe ń ba bàbá mi lọ. Àbíkẹ́yìn mi ló ní ikọ́ fée, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ pè wá kí n gbọ́ àyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá ṣe ohun tó tọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti ọmọ náà ṣì fi jọra ni pé, bí Ràkíyà bá jókòó tó ń sọ bí bàbá ṣe fẹ́ràn òun tó, mi ò lè dúró gbọ́ ọ parí.