Bí A Ṣe Gbé Jíìpù Ga Nítorí Ìyé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ẹ́ńjìnnì jíìpù ti ń kùn lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlútítun. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, ń fọn fèrè, ó ní bí n kò bá tètè jáde, òun á fi mí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò lè fi mí sílẹ̀, ọwọ́ mi ni agbọ̀n oúnjẹ wà. Ìbàdàn là ń lọ, láti ra táyà ńlá àti láti gbé jíìpù náà ga kúrò nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Ìyé là ń pè é, bí àwa ará Ìkálẹ̀ ti ń pe ìyá. Abúlé kan lẹ́yìn Osooro ló ń gbé, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ohun tó jìnnà díẹ̀ nìkan ló ṣì ń rí, bí oòrùn bá wà. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé tuntun, ó fẹ́ kí Ìyé rí i kí ojú náà tó fọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti sọ ọ̀nà abúlé di ẹrẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ mú un, ikùn jíìpù jókòó sórí ẹrẹ̀, táyà ń yí lásán, ẹsẹ̀ la fi padà sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jìnnà, ojú Ìyé kò sì lè dúró dè é.

Láti Òkìtìpupa dé Ọ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa ni, àwọn ọkọ̀ agégilódò sì ti ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ní Oǹdó, a jẹ iyán oní-sísì, ẹran igbó inú ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn débi pé ọkọ mi gbàgbé púpurú tí mo dì. Mo bínú díẹ̀. Ní Ìbàdàn, mo béèrè púpurú lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀gẹ́ ni, tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a fi èéfín yan. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó fi ẹ̀kọ kan ṣe ènì fún mi.

Ọ̀gá Súlè, mẹ́káníìkì tí wọ́n júwe fún wa, yí táyà mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀, ti àárín ní eyín tó jinlẹ̀, ẹ̀kẹta sì fẹ̀, ó ga ju ti jíìpù wa lọ dáadáa. Ó ní ẹ̀kẹta yóò máa ha mọ́dígáàdì bí a bá ti ń yà, àfi kí òun fi ewé irin kún sípíríìnì kí ara ọkọ̀ lè ròkè. Ó ní ọkọ̀ tó ga bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ eré ní kọ́nà, ó sì ń mu epo. Mo ní kí a mú ti àárín.

“Ìyá Tóyìn,” ọkọ mi dáhùn, “ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìyé kò mọ àárín.”

Èyí tó tóbi jù la mú. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán lọ́jọ́ kejì, mo ní láti ká ìró mi sókè kí n tó lè gun ọkọ̀, àwọn ọmọọṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bá ọkọ mi jà dé Ifẹ̀.

A kò yà sílé. Ọ̀nà Ìyé la gbà tààrà. Jíìpù wọ inú ẹrẹ̀ náà, ó mì, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ mi bú sórin ìjọ wa.

Afárá abúlé ló kù. Ìtì igi méjì-méjì ni wọ́n tò fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, àárín ṣófo. Ọkọ mi ti ro ti ẹrẹ̀, kò ro ti afárá. Táyà wa fẹ̀ ju igi náà lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ní òdìkejì, Ìyé ti wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó dè wá.

Àwọn ọkùnrin abúlé kọjá wá bá wa, wọ́n gé ọ̀pẹ kan láti fi kún afárá, wọ́n sì yí i wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì pọ̀, oòrùn sì ti ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Ìyé kò ní rí nǹkan kan. Ọkọ mi ní kí a fi í di ọ̀la. Ìyé dìde.

“Ọma mi, ta ló mọ bí ojú mi á ti rí lọ́la? Wá fà mí lọ́wọ́.”

Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó tẹ afárá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá. Ó fọwọ́ kan táyà, ó ní ṣé ògiri nìyí. Kò lè gun ọkọ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun bí ọmọ ọwọ́. Àwọn ọkùnrin náà bá yí ìtì ọ̀pẹ tí wọ́n gé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Orí rẹ̀ ni Ìyé tẹ̀ kó tó wọ iwájú ọkọ̀.

A gbéra. Bí a ti ń lọ ni Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oko ta nìyí, ibo ni odò yẹn ń lọ. Láti ìgbà èwe ló ti ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹrù epo lórí, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń wò. Látorí jíìpù gíga yẹn ló ti kọ́kọ́ rí ohun tó wà lẹ́yìn koríko: oko ẹ̀gẹ́, òrùlé, àwọn ọ̀pẹ tó tò lọ dé ọwọ́ odò. Ọkọ mi dín eré kù.

Oòrùn ṣì wà lára fèrèsé nígbà tí a délé. Ìyé wo ilé náà, ó súre, ó ní ọ̀dà rẹ̀ dára. Ọkọ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu omijé.

Ojú Ìyé fọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ọ̀dọ̀ wa ló gbé títí ó fi lọ. Bàbá Tóyìn náà ti lọ, jíìpù ti dípẹtà, àárò àwọn méjèèjì sì ń sọ mí. Nígbà ayé Ìyé, àwọn ọmọ mi a máa bi í léèrè bí ilé wa ti rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í sọ ti ilé. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Bàbá yín gbé mi sókè, mo rí gbogbo ibi tí mo ti rìn.”