Ọjọ́ Tí Ọkàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò Balẹ̀

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kẹrin ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fìdí rẹmi, bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìbéèrè ìdánwò mẹ́ta, kò rí ọ̀kan dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi ṣáájú. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á lé e kúrò ní yunifásítì nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó ní, “Lórí ọ̀rọ̀ tìẹ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Níbo gan-an?” Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti fa rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà yọ lọ́rùn, ó sì ti gbé e lé ọ̀jọ̀gbọ́n láyà, lórí táì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ pa jù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, Kìíní, tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ipò kìíní ló ń gbà nínú gbogbo ìdánwò. Ṣùgbọ́n Níbo-Gan-an, orúkọ tí wọ́n fún òun náà nìyẹn, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́, ó tún un gbọ́. Ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá fo ẹ̀ẹ̀kẹrin.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n lé gbogbo wọn jáde. Ó di ọjọ́ Ajé kí ìgbìmọ̀ ìdánwò tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ Níbo-Gan-an.

Kìíní mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ wọn ní ẹ̀yà ara lọ́dún àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ọmọ aráyé ṣe ń gbọ́ ọ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan, Kìíní ní orí òun gbóná. Ọkùnrin yìí ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó wò ó, ó ní irọ́ ló ń pa. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣe ọkàn akin lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sọ fún un pé ọkàn òun ń fà sí i. Ó bi í bóyá apá òsì ni àbí apá ọ̀tún. Ọmọbìnrin náà rò ó, ó ní òsì ni. Ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Ọmọbìnrin yẹn náà ló padà fẹ́, wọ́n sì bímọ mẹ́rin.

Àmọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí gbogbo àdúgbò ti ń pe ìyá Níbo-Gan-an ní Ìyá Dókítà. Níbo-Gan-an bi Kìíní pé tí òun bá délé, kí ni wọ́n máa wá pe ìyá òun? Kìíní bá a ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọ eegun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀jọ̀gbọ́n kò wá sípàdé. Orí ibùsùn ló wà, ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀ gan-an. Lẹ́tà ló kọ ránṣẹ́: “Ẹ jẹ́ kó tún ìdánwò ṣe. Odidi ọdún kan ni mo ti ń sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi pé ara mi ò dá. Òun nìkan ló gbọ́.”

Níbo-Gan-an tún un ṣe, ó yege, máàkì kan péré ló fi ju iye tó yẹ kó gbà lọ. Ìyá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n sin Níbo-Gan-an lóṣù tó kọjá, kálukú ń sọ èyí tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ó wá kan Kìíní, tóun náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti darúgbó. Kò rí èyí tó pani lẹ́rìn-ín sọ. Ó ní lọ́dún tí àìsàn dá ọmọ òun kan ṣoṣo dùbúlẹ̀, tí gbogbo ìwé òun ò mọ ohun tó ń ṣe é, kì í ṣe ẹni tó gba ipò kejì tàbí ipò kẹta lòun gbé e lọ bá. “Wákàtí mẹ́ta ni Níbo-Gan-an fi jókòó tì í,” ló wí. “Ó ń bi í léèrè, ó sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn.”

Ọmọ náà, tí irun tirẹ̀ ti ń funfun báyìí, dìde láàárín èrò, ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó rọra mú un padà sídìí àga rẹ̀.