Ìgò Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Séèfù

Adébùsóyè kì í gba iṣẹ́ séèfù. Kọ́kọ́rọ́ ilé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àgádágodo tó ti dípẹtà, gbogbo ìyẹn ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ séèfù, á ní kó wá ẹlòmíràn lọ. Àwọn oníbàárà rò pé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Nígbà tó wà ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olóògbé Oyèníyì, òun àti ọ̀gá rẹ̀ lọ ṣí séèfù kan ní Ilé-Olújìí. Oyèníyì gbé ẹ̀rọ tó ń dá irin lu ti ilẹ̀kùn séèfù náà. Bí ẹ̀rọ ṣe wọlé ni nǹkan fọ́ nínú, bí ìgbà tí gíláàsì já lu sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ṣe séèfù náà láyé ọjọ́un ti fi ìgò tajútajú pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí olè. Ojú Adébùsóyè ń ta bí ẹni tí wọ́n bu ata sí lójú, ọ̀fun rẹ̀ dí. Ó sáré jáde, ó sáré kọjá títì, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀gá rẹ̀ ń táràrà nínú yàrá, kò rí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ló wọlé lọ gbé e. Ojú òsì Oyèníyì kò ríran mọ́ láti ọjọ́ náà. Títí tó fi kú, kò bi Adébùsóyè léèrè pé níbo ló sá lọ.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, Màmá Fọláwùmí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ará Oǹdó. Bàbá rẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, àwọn kan sì ti wọ inú oko náà pé àwọn ló ni ín. Kóòtù ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá. Inú séèfù bàbá rẹ̀ ni ìwé wà, bàbá náà sì ti kú láti ọdún pípẹ́ láìsọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ni Adébùsóyè wí. "Èmi kì í ṣe séèfù."

"Ó dáa. Àwọn kan ní Oǹdó ti ní àwọn máa wá dá a lu lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ wá ẹni tó lè ṣí i jẹ́jẹ́ ni. Ṣé kò séwu nínú pé kí n jókòó tì wọ́n?"

Adébùsóyè gbé kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi í pé irú séèfù wo ni. Màmá fi fóònù hàn án: séèfù aláwọ̀ ewé, ó ga tó igbá àyà èèyàn, ojú nọ́ńbà idẹ sì wà láàárín rẹ̀. Ó jọ ti Ilé-Olújìí bí ìbejì. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú séèfù náà nínú yàrá bàbá màmá ní Oǹdó. Ó bẹ màmá kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé. Kò sọ ìdí fún un, ojú ń tì í.

Lẹ́yìn ojú nọ́ńbà irú séèfù bẹ́ẹ̀, àwo irin mẹ́ta ló wà lórí ọ̀pá kan. Wọ́n gé ibì kan létí àwo kọ̀ọ̀kan. Bí ibi gígé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ sójú kan náà, irin kékeré kan á jábọ́ sínú wọn, ilẹ̀kùn á sì gbà. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ìka gbọ́ ibi tí irin náà ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Adébùsóyè ṣe fún wákàtí márùn-ún. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ń mú kí idẹ náà máa yọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kọjá ní títì tí ilẹ̀ mì, ó dìde fò sẹ́yìn, ó sì pẹ́ kó tó lè padà kúnlẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì, ó gbọ́ tí irin já. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gọ́ta, mẹ́jọ. Ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí ní ìwọ̀n ìka kan. Ó gbọ́ tí gíláàsì ró lára irin.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìgò náà wà níbẹ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, omi pupa rúsúrúsú sì wà nínú rẹ̀. Irin tó dè é ti dípẹtà. Ìgò náà ti yọ̀ wálẹ̀, ó há sáàárín ilẹ̀kùn àti ara séèfù. Bí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn, á fọ́ ọ. Bó bá fà á, á jábọ́.

Adébùsóyè kò mọ ìgbà tó dìde. Ó bá ara rẹ̀ níta ní ẹnu géètì, ó ń mí hẹlẹ.

Màmá rí i tó sáré kọjá. Ó rò pé ayọ̀ ni. "Ṣé ó ti ṣí ni?" ló bi í, ó sì wọlé lọ láti fojú ara rẹ̀ rí i.

Adébùsóyè di irin géètì mú. Ó ń wo títì, ó ń wo ilé. Ó sáré padà.

Ọwọ́ màmá ti wà lára ilẹ̀kùn séèfù.

"Mọ́mì," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ má fà á. Ẹ má tì í. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìgò tajútajú ni. Bó bá fọ́, ó lè fọ́ wa lójú."

Màmá di ilẹ̀kùn mú, ó di ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì pẹ̀lú àdúrà. Adébùsóyè dọ̀bálẹ̀, ó ti ìka méjì bọ àlàfo náà lábẹ́ ìgò. Kò dé e. Ó ní kí màmá fa ilẹ̀kùn díẹ̀, díẹ̀ sí i. Ìgò náà yọ̀, ó sì já sáàárín ìka rẹ̀, ó tutù. Ó rọra fà á jáde.

Ó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù wé ìgò náà, ó sì gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀yìnkùlé, ó sin ín. Nínú séèfù, wọ́n rí ìwé oko pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, bíbélì kan, àti eyín àtọwọ́dá bàbá náà nínú páálí tábà. Eyín yẹn ni màmá rí tó fi bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá bi í pé kí ló dé tó fi sáré lọ. Adébùsóyè sọ ti Ilé-Olújìí fún un, èyí tí kò sọ fún Sherifat ìyàwó rẹ̀ rí.

"Èmi náà ì bá ti sáré," ni màmá wí, "ká ní mo mọ ohun tí mo dì mú."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni kóòtù dá oko padà fún un. Ṣùgbọ́n fún odindi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Adébùsóyè padà sí Àkúrẹ́, kò lè gé kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan gbé àgádágodo kékeré wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Kó tó fọwọ́ kàn án, Adébùsóyè ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́, kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" obìnrin náà bi í.

Ó ní kò sí nǹkan kan.