Sọ́rì Tí Mo Sọ Nílé Àlejò ní Loganville

Ẹ kò ní gba ìtàn yìí gbọ́, n kò sì ní bá yín jà sí i. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, bí ẹlòmíràn bá wá sọ irú rẹ̀ fún mi nínú yàrá àwọn tíṣà nílé ìwé wa ní Òṣogbo, màá ní kó lọ bọ́jú kó tó máa bá irọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá wàhálà náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́.

Aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́rú ni mo kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ló bí Tọ́lá sí Amẹ́ríkà, Tọ́lá sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Suwanee. Èmi nìkan ló kù nínú ìdílé tó lè di apá rẹ̀ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì nípò bàbá rẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gba físà, torí ẹ̀ náà ni mo ṣe jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lófuurufú láìrí ata nínú ọ̀kankan.

Ìyá Tọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ Atlanta ní àárọ̀ Ọjọ́bọ. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní shift ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀nà tó gbé mi gbà ní ìlà mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, ọkọ̀ kún un bámúbámú, síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fọn fèrè. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di nínú bàálù. A yà sílé epo, mo ra omi inú ìgò kan ní dọ́là méjì àti díẹ̀. Mo rọra ń mu ún bí ẹni ń mu oògùn.

"Bọ̀dá Tíṣà, ẹ má bínú o," ó ní bá a ṣe ń lọ. "Ilé ti kún. Àwọn bridesmaid ló wà ní gbogbo yàrá, àwọn míì ń sùn ní living room. Mo ti bá yín gba guesthouse kan ní Loganville, ilé màmá kan báyìí. Ó quiet gan-an, ẹ máa sinmi."

Ẹnu yà mí. Ní tiwa, bí ilé bá kún, ẹní la ń tẹ́. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n gbé àbúrò ọkọ lọ wọ̀ sílé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí?

"Ẹní ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ̀yìn á ro yín, Bọ̀dá. Ẹ ti lé láàádọ́ta."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Irùngbọ̀n yín ni."

Bí a ṣe dé Loganville nìyẹn. Ilé jọ ilé, koríko jọ koríko, ògiri kankan kò yí ilé ká, kò sì séèyàn kan ṣoṣo níta tí mo lè kí pé ẹ kú ilé. Orúkọ màmá tó ni ilé àlejò náà ni Miss Loretta. Aláwọ̀ funfun ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ó sì yára ju èmi lọ. Ilé pákó alájà méjì ni, yàrá mi wà lókè. Dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni alẹ́ kan, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọ̀ sírú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ní ìmọ̀ràn, torí èmi kò rẹ́ni tó fún mi. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fún yín ní bísíkíìtì, ẹ má retí ohun tó ń ró kàù lẹ́nu; búrẹ́dì kékeré tó rọ̀ ni, wọ́n á da ọbẹ̀ funfun lé e lórí. Ohun tí wọ́n ń pè ní gírìtì, ògì tí ẹnì kan gbàgbé láti sẹ́ ni. Mo bu ṣúgà sí i. Miss Loretta wò mí bí ẹni tó bu ṣúgà sí gbẹ̀gìrì. Ẹ má sì lọ kan ilẹ̀kùn onílé láago mẹ́fà àárọ̀ láti béèrè bóyá ó jí dáadáa. Mo ṣe é láàárọ̀ Jímọ̀. Màmá náà sáré yọ síta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń béèrè ibi tí iná ti ń jó.

"Kò síná, ma. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

"Títí tí ilẹ̀ á fi mọ́, kò lè dúró?"

Ẹ̀kọ́ tó jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti omi. Ṣáwà tó wà ní yàrá mi, irin kan ṣoṣo ló ní. Kò ní pupa, kò ní búlúù. Bí o bá fà á, omi tútù ni yóò bò ọ́. Bí o bá tì í, ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí o bá ti fà á tán, o tún máa yí i sí apá òsì, kí o wá dúró bí ìṣẹ́jú méjì. Ní Ọjọ́bọ, omi yìnyín ni mo fi wẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí ó ku wákàtí kan kí Ìyá Tọ́lá wá gbé mi lọ fi ìrìn ìgbéyàwó dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ bá Miss Loretta pé kó yá mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé yàrá yín dọ̀tí ni?"

"Rárá, ma. Mo fẹ́ wẹ̀ ni."

Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Nínú èyí?"

"Kì í ṣe nínú rẹ̀, ma. Láti inú rẹ̀ ni."

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó bá mi dì í mú lábẹ́ ẹ̀rọ omi gbígbóná ní kíṣìnì títí ó fi kún. Mo gbé e gun àtẹ̀gùn, ó ń dà pàlà pàlà lójú ọ̀nà. N kò bìkítà. Omi ni, nílé wa, oòrùn á gbẹ ẹ́.

Mo ti fi ọṣẹ pa orí nígbà tí mo gbọ́ gbì. Mo wé táwẹ̀lì mọ́dìí, mo sáré jáde. Miss Loretta ló wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, aṣọ ìnura tuntun tó ń gbé bọ̀ wá fún mi fọ́n ká, apá rẹ̀ òsì wà lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ Yorùbá máa sọ? Mo kúnlẹ̀ tì í, ọṣẹ ń kán lórí mi, mo ní, "Sọ́rì, ma. Sọ́rì. Sọ́rì o, ma, sọ́rì." N kò mọye ìgbà tí mo sọ ọ́. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀. Baba kan tó ń gé koríko ní òdìkejì títì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo inú ilé, ó rí ọkùnrin dúdú tó wà níhòòhò dé ìbàdí lórí ìyá arúgbó, tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó pe ọlọ́pàá.

Kí n tó rí ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀, áńbúláǹsì ti dé. Wọ́n bi Miss Loretta ní ìbéèrè, ìrora kò jẹ́ kó dáhùn, wọ́n gbé e lọ. Ọlọ́pàá kan ló kù lọ́dọ̀ mi, ọmọkùnrin tí mo lè bí. Ó ń pè mí ní sà, èmi náà ń pè é ní sà.

"Aládùúgbò sọ pé òun gbọ́ tí ẹ ń sọ sọ́rì lemọ́lemọ́, sà. Àforíjì kí ni ẹ ń tọrọ?"

"N kò tọrọ àforíjì, sà. Sọ́rì ni mo sọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà ti gùn mí. Mo jókòó, mo là á yé e pé lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá kọsẹ̀, ẹni tó bá rí i ló ń sọ pé pẹ̀lẹ́, àti pé sọ́rì yẹn, pẹ̀lẹ́ ni, aṣọ òyìnbó ló kàn wọ̀. Mo ní ẹni tí kò bá sọ ọ́ gan-an la máa ń fura sí.

"Nígbà náà, ta ló tì í?"

"Kò sẹ́ni tó tì í."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní sọ́rì?"

"Torí pé ó ṣubú."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣubú?"

"Màá sọ ọ́ fún yín náà, sà. Kódà bí ikọ́ bá ń gbé yín."

Bíírò rẹ̀ já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, bó ṣe ń dìde ni orí rẹ̀ lọ gbá etí tábìlì. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Sọ́rì, sà."

Ó rọra gbé ojú sókè.

"N kò fọwọ́ kàn yín," mo ní.

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ní òun ń lọ bi màmá náà léèrè ní ọsibítù bí ara bá tù ú, òun á pè mí. Títí dìgbà náà, kí n má kúrò nínú ilé. Mo ní ìgbéyàwó ọmọ mi ni lọ́la. Ó ní òun gbọ́.

Ó lọ tán, mo yíjú sí àtẹ̀gùn láti gòkè lọ fọ ọṣẹ tó ti gbẹ mọ́ mi lórí. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ kẹta ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Mo di igi mú. Mo wolẹ̀. Omi ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹ lórí pákó dídán náà, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi odindi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọlọ́pàá pé kò túmọ̀ sí pé mo jẹ̀bi, mo jẹ̀bi rẹ̀ pátápátá. Mo mú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibẹ̀. Mo nù ún dé ìdajì kó tó yé mi pé ẹ̀rí ni mo ń nù kúrò, mo bá ju aṣọ náà sílẹ̀ bíi pé ó jó mi lọ́wọ́. Mo pe Ìyá Tọ́lá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó má wá gbé mi mọ́ lálẹ́ yẹn.

"Bọ̀dá Tíṣà, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé omi yín ni. Níbí, wọ́n máa ń sue èèyàn. Ẹ dákẹ́ títí Tọ́lá á fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ yìí ti ń sunkún látàárọ̀, ó ní tí ẹ ò bá wá, òun á dá rìn wọlé ni."

"Apá ìyá àgbàlagbà ló kán, Ìyá Tọ́lá."

"Mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ ṣáà dákẹ́."

Ọlọ́pàá kò pè. N kò fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí mo pinnu ni pé n kò ní í pe ọlọ́pàá. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni màá sọ fún, kó tó di aago mọ́kànlá, bó bá sì ní kí wọ́n tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje kọjá díẹ̀, mo ti múra, agbádá mi ń ta yẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kan dúró. Baba agékoríko ló ń wà á, Miss Loretta ló jókòó tì í. Wọ́n ti di apá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti tò sílẹ̀ láti òru sá lọ. Bó ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà báyìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà àti agbádá, mo fi iwájú orí kan kápẹ́ẹ̀tì.

Miss Loretta ké. Baba náà pariwo pé ọkàn mi ti dúró, ó sáré lé mi lórí, ó yí mi dànù bí ẹni yí iṣu, ó ń tú ọrùn aṣọ mi. Mo ní ara mi le. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti dìde, ó fi orúnkún dè mí mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń dá a lójú pé mò ń kú lọ. Kò pẹ́ ni áńbúláǹsì àná dé, obìnrin tó gbé Miss Loretta lọ lánàá ló sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó wo Miss Loretta, ó mi orí.

"Ibo ló ń dùn yín, sà?"

"Kò síbi tó ń dùn mí. Omi mi ni. Omi mi ni."

Ó kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀. "Ó ń béèrè omi."

Wọ́n fi ìgò omi bọ̀ mí lẹ́nu. Mo mu ún. Kí ni kí n ṣe?

Ìgbà yẹn ni Miss Loretta rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, pẹ̀lú apá rẹ̀ tó so kọ́. "Mo mọ̀ pé omi yín ni," ó ní. "Mo ti rí i láti ìsàlẹ̀. Mo rò pé mo lè fò ó ni."

Mo gbé ìgò omi náà kúrò lẹ́nu.

"Ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn lánàá. Ó ní ẹ lè lọ síbi ìgbéyàwó yín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, pé kì í ṣe àkókò tí wọ́n ń pe àlejò lórí fóònù."

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti di nǹkan mọ́ mi lápá, wọ́n ń wọn ìfúnpá mi, wọ́n ní ó ga, wọ́n ní kí n má tíì mira. Fóònù mi dún nínú àpò agbádá. Baba agékoríko ló bá mi fà á yọ, ó gbé e sí mi létí. Ìyá Tọ́lá ni.

"Bọ̀dá Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti dìde?"

"Rárá," mo ní. "N kò tíì dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo lè máa bọ̀."