Firigó Tí Wọ́n Fẹ́ Dorí Rẹ̀ Kodò

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúnkantutù ní kọlẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ní Pobẹ̀. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa sì ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná mànàmáná nìkan ló ń mú nǹkan tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtùpà ni firigó tí àwa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ń lò. A ó bu pẹtirólù, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kẹrosíìnì, sí àtùpà, a ó gbé e sábẹ́ firigó. Ooru rẹ̀ ni yóò máa ti omi olóòórùn líle kan kiri inú páìpù tí wọ́n ti dí pa lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí omi yìí ṣe ń rìn ló ń kó ooru kúrò nínú àpótí.

Bí ibi tí firigó bẹ́ẹ̀ dúró lé kò bá tẹ́jú, omi inú páìpù lè há. Àtùpà á máa jó, àpótí kò sì ní tutù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a pa iná, kí a dorí firigó kodò di ọjọ́ kejì, kí omi náà lè padà sí àyè rẹ̀.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún náà, firigó ìyá mi àgbà daṣẹ́ sílẹ̀ ní Sakété. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wá ní Issaba, ṣùgbọ́n oníṣòwò mùsùlùmí ni òun fẹ́, ó sì bá ọkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀sìn. Ọkọ náà ti kú nígbà náà, kò sì tíì pé ọdún kan. Omi tútù tí àwọn ènìyàn fi ń ṣínu ni ìyá mi àgbà ń tà. Ọjà oṣù yẹn ló gbójú lé láti bọ́ àwọn ọmọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Olùkọ́ wa, ará Àjàṣẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní òun á bá mi lọ. Kámíọ̀nù tó kó epo pupa ló gbé wa, ó sì ti rẹ̀ wá kí a tó dé. Olùkọ́ fọwọ́ kan páìpù, ó pa àtùpà, ó ní kí n bá òun dorí firigó kodò.

Ìyá mi àgbà dìde lórí ẹní, ó lọ dúró níwájú firigó rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, bí ẹnìkan bá kú, wọn a máa dojú àga rẹ̀ délẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Àga ọkọ rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan náà.

Èmi ló bi, kò bi olùkọ́. "Ṣé èmi náà ti kú ni? Ìwọ tó o jẹun nílé mi, ojú ẹ ni wọ́n á ṣe dorí nǹkan mi kodò?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ baálé, wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Ẹ ní iná ló ń mú omi tutù, a gbà. Ó tún wá ku kí ẹ ní orí ni wọ́n fi ń rìn."

Olùkọ́ fèsì ní èdè Gun, èyí tí gbogbo wọn gbọ́, pé ẹ̀rọ kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ lẹ́nu àlejò. Mo bi olùkọ́ jẹ́jẹ́ bóyá a lè máa fi ẹ̀gbẹ́ firigó lélẹ̀ dípò. Ó ní ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń retí òun. Ó padà sí Pobẹ̀, ó fi mí síbẹ̀.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún firigó lélẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo tún yí i sí òsì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilé náà kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní dókítà firigó. Nígbà tó yá, oníkálukú bá tiẹ̀ lọ. N kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n n kò lè máa jẹun lójú ìyá tó ń gbààwẹ̀, nítorí náà ebi ni mo fi ń ti irin. Mo gbé firigó dìde, mo tan iná, mo dúró. Ìyá mi àgbà ti ọwọ́ bọ inú àpótí, ó yọ ọ́, ó ní kò tíì tutù. Lójú pópó, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé abọ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo jókòó ti ìyá mi àgbà. Mo ní kó rántí epo pupa tó dì sísàlẹ̀ ìgò, pé bí a bá ń yí ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán, yóò pẹ́ kó tó sún, àfi kí a dorí rẹ̀ kodò. Mo sọ ibi tí omi há sí àti ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó bi mí bóyá a ó gbé e dìde padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́la.

Ó wo àga ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òkú kì í dojú àga ara rẹ̀ délẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe é. Bí mo bá fọwọ́ ara mi dorí tèmi kodò, ta ló máa ní mo ti kú?"

Ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún baálé. Baálé fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi àgbà ni kó kọ́kọ́ kan firigó náà. Ìyá mi àgbà gbá ìró mọ́dìí, ó di orí firigó mú. Èmi gbé ìdí rẹ̀. A dorí rẹ̀ kodò.

Lọ́jọ́ kejì a gbé e dìde sórí ibi tó tẹ́jú, a jẹ́ kó sinmi, a tan iná. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, yìnyín funfun tín-ín-rín ti bo inú rẹ̀. Ìyá mi àgbà ta omi tútù títí ààwẹ̀ fi parí, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ tó kù kò pọ̀ mọ́, àwọn oníbàárà mìíràn kò sì padà. Èrè náà kò tó. A ní láti mú ọmọ rẹ̀ kan lọ sí Issaba títí àgbàdo fi gbó. Kò bá mi wí. Ó kàn ní ó ti rẹ òun.

Iṣẹ́ yìí náà ni mo fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun ìní ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù kó dáhùn.