Ìdí-Ìyeyè Kì Í Ṣe Ahoro

Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé abúlé wa kò ní òórùn mọ́. Rédíò Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìròyìn ni, ìdí nìyẹn tí agogo náà fi dá mi lójú. Láti kékeré, òórùn ló máa ń jí mi: òórùn gàrí tí wọ́n ń yan nínú agbada, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan tí omi ń ro lára àpò rẹ̀ lábẹ́ òkúta, òórùn èéfín igi tútù. Lọ́jọ́ yẹn, òórùn ìrì nìkan ni mo gbọ́. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń fimú wá a. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa: ebi kò pa mí, ara mi sì le. Ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn pe ẹni tó fẹ́ràn, tí onítọ̀hún kò dáhùn.

Ìdí-Ìyeyè kọjá Ẹ̀gùá díẹ̀ sí ìhà ibodè, ilé mọ́kànlá péré. Ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ni mò ń gbé, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi ń ṣe ní Ayétòrò, kò sì fẹ́ kí ìyá òun dá gbé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Àwọn obìnrin òdìkejì ló máa ń ra gàrí wa. Wọ́n á kí wa lédè Faransé pé, "Bọ̀nzúù," Màmá á sì fèsì pé, "Bọ̀nzúù kì í kún òṣùwọ̀n. Ẹ mówó wá." Kí ìjọba tó ti ibodè, àwa ọmọdé kò mọ̀ pé ibodè ni. Ọ̀nà ilé àwọn ìbátan wa la mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tí wọ́n tì í, àwọn ẹ̀ṣọ́ oníbọn dúró sójú ọ̀nà, epo bẹntiróòlù kò wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ́, tòmátì ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan kó lọ sí Ìlaròó, òmíràn lọ sí Ìdógò, àwọn mìíràn gba ojú igbó lọ bá ẹbí wọn ní òdìkejì. Ìyá Rìsì, aládùúgbò wa, ló lọ kẹ́yìn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ebi ò mọ ìlú baba ẹni."

"Mi ò bínú," Màmá fèsì. "Ṣáà má ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Màmá mú àdá, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Inú igbó la gbà, títí a fi dé Ahoro Ajísẹ́, ibi tí àwa ọmọdé kì í dé nítorí wọ́n ní iwin ń gbé ibẹ̀. N kò rí iwin. Mo rí àlàpà tí ikán ti fi mọlé, mo rí pèrègún tó tò gbọọrọ níbi tí ọgbà ẹnìkan ti wà, mo rí ọlọ ńlá tí ọwọ́ àwọn obìnrin ti lọ̀ títí tó fi jìn bí àwo ọbẹ̀. Igi ìrókò ti hù láàárín ibi tó jọ yàrá. Mo mú àfọ́kù ìkòkò kan, inú rẹ̀ ṣì dúdú. Ojú tì mí láti mú un dání, bí ẹni tó wo inú ìkòkò ìyá oníyàá láìtọrọ àyè.

"Ṣé ogun ló pa wọ́n ni, Màmá?"

"Ogun kó wọn lọ, àmọ́ wọ́n padà," ló wí. "Ohun tó pa ìlú yìí ni pé, nígbà tí wọ́n padà, kálukú ń wojú ẹnìkejì pé kó kọ́kọ́ dáná. Àṣàkẹ́, ilé tí kò bá rú èéfín, igbó á ní tòun ni."

Láti ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, bí Màmá bá ti kírun tán, a ó gbálẹ̀ iwájú ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá, a ó sì dáná sí gbogbo ilé ìdáná wọn. Ògùṣọ̀ àti kùkù àgbàdo la fi ń dá a. Mo kọ́kọ́ rò pé orí ìyá àgbà mi ti ń dàrú, ẹ̀rù sì bà mí láti sọ ọ́ jáde. Nígbà tó yá, ìgbéraga kan wọ̀ mí lára tí n kò tíì ní irú rẹ̀ rí. Èmi, tí mo máa ń sunkún bí olùkọ́ bá ní kí n dìde kàwé, èmi ni mo ń jí abúlé.

Bàbá mi wá lópin ọ̀sẹ̀ láti kó wa lọ sí Ayétòrò.

"Màmá, ta lẹ ń dáná fún?"

"Àwọn tó ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹnìkan kì í jẹ́ ìlú."

"Àwa méjì ni," Màmá dáhùn, ó sì nawọ́ ìgbálẹ̀ sí i. "Gba èyí, kí á di mẹ́ta."

Bàbá gbálẹ̀ ilé mẹ́rin kó tó padà lọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì tún bẹ̀ wá.

Àṣìṣe wa ni pé a kò rántí pé èéfín ń gòkè. Láti ojú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ń wo abúlé tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ó ṣófo, tó sì ń rú èéfín mọ́kànlá láràárọ̀. Wọ́n ti gbà pé àwọn onífàyàwọ́ ló fara pa mọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Mẹ́ta nínú wọn já wọlé tìbọntìbọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n yẹ gbogbo ilé wò, wọn kò rí ìkòkò kan lórí iná.

"Màmá, kí lẹ ń sè?" ọ̀gá wọn bèèrè níwájú ilé wa.

"A ò se nǹkan kan, ọmọ mi."

"Iná mọ́kànlá, ẹ ò se nǹkan kan? Ẹ pa gbogbo ẹ̀, kí ẹ kẹ́rù yín. Ibí yìí ti di ahoro."

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Kì í ṣe ahoro!" Omi ojú ń bọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ ẹni tó ni ín: ilé Ìyá Rìsì nìyí, ilé Bàbá Onírẹsà nìyẹn, títí mo fi dé tiwa.

Màmá fara balẹ̀ wo bàtà ọ̀gá náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀," ló wí. "Ọkọ mi lẹ dúró lé."

Ojú oórì bàbá àgbà mi ni, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá náà fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Èyí tó kéré jù nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá náà yọ ìwé kékeré kan lápò.

"Èèyàn mélòó ló ń gbé ibí?"

"Mọ́kàndínláàádọ́ta. Mẹ́tàdínláàádọ́ta rìnrìn àjò."

"Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?"

"Gàrí."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò tún padà wá.

Ìyá Rìsì ló kọ́kọ́ dé nígbà tí wọ́n ṣí ibodè. Ìbínú ló bá wọlé: ó rí èéfín ilé rẹ̀ lókèèrè, ó rò pé ẹlòmíràn ti gbà á. "Ìbínú náà dára," ni Màmá wí. "Ó ṣáà mú ẹ délé." Ìdílé mẹ́rin ló tẹ̀ lé e. Àwọn ìyókù kò padà mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ti jáde yunifásítì báyìí. Eékún Màmá kò gbé e mọ́, ó wà lọ́dọ̀ wa ní Ayétòrò, níbi tí èmi náà ti ń wá iṣẹ́. Ìyá Rìsì àti tọkọtaya kan ló kù lábúlé. Àwọn àbúrò bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹnìkan tó ń wá oko ńlá, wọ́n sì ní èmi tí mo kàwé ni kí n kọ lẹ́tà pé Ìdí-Ìyeyè ti di ahoro tipẹ́. Ní ìpàdé ẹbí, mo ní, "Ó dáa, sà." Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó dojú kọ ìbọn, ohun tó dàgbà dà nìyẹn. Ojú ń tì mí, mo sì ń bínú sí ara mi ju bí mo ṣe ń bínú sí wọn lọ. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní kọ lẹ́tà náà. Ìyẹn ti dá mi lójú. Ohun tí kò dá mi lójú ni ohun tí ó kàn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a tún máa ṣèpàdé. Ṣé kí n dìde sọ fún wọn lójú gbogbo ẹbí, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nílé? Ṣé kí n kó lọ máa gbé ibẹ̀, èmi tí n kò tíì ríṣẹ́? Ẹ̀yin tí abúlé yín ṣẹ́ ku ilé méjì, mẹ́ta, tí wọn kò tíì tà á, ẹ bá mi sọ ọ́: kí lẹ sọ fún àwọn àgbà yín tí wọ́n fi gbọ́?